Ilé Ọba Tó Jó, Ilé Tiwa Ńkọ́?

Ìjẹ̀gùn méjì ló wà ní Èkó. Ọ̀kan ni Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, lápá Satellite Town. Èkejì ni tiwa ní Alímọ̀ṣọ́, èyí tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá dé Ìkòtún, kọ̀ndọ́kítọ̀ á ti máa pariwo orúkọ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí ọkọ̀ wọ̀. Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Tí mo bá sọ fún èèyàn pé ọmọ Ìjẹ̀gùn ni mí, ìbéèrè kan náà ló máa ń tẹ̀ lé e: "Ṣé ibi tí iná ti jó lọ́jọ́sí yẹn?"

Ibẹ̀ náà ni. Àmọ́ ọjọ́sí wo? Torí pé ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katapílà kan ń ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà ní Ìjẹ̀gùn. Ó gbá páìpù epo tó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, epo tú jáde, iná sì sọ. Ilé jó, ọkọ̀ jó. Ilé ìwé wà nítòsí, àwọn ọmọdé sì ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà. Ẹgbẹ́ Red Cross sọ pé àwọn tó kú tó 100. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2019, Ọjọ́bọ̀ náà ni, iná tún sọ. Lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe katapílà. Àwọn tó ń lu páìpù láti jí epo fà ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀mí tún lọ, ilé àti ọkọ̀ tún jó.

Àwọn aládùúgbò wa náà jẹ nínú rẹ̀. Abúlé Ẹ̀gbá, ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ọjọ́ kejì Kérésì: ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló bá a lọ. Abúlé Ẹ̀gbá yìí kan náà, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020. Abúlé Àdó, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020.

Ohun tí ìròyìn máa ń kà fún wa ni iye ẹni tó kú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, kámẹ́rà á ti lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí máa ń bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa sọ pé ilé yìí ṣì ṣeé gbé, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́? Ta ló máa buwọ́ lù ú pé kẹ́ ẹ tún un kọ́? Ìwé wo ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ yín, nígbà tó jẹ́ pé ìwé ọ̀hún ti jóná mọ́ inú àpótí?

Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè. Lọ́dún 2008 yẹn, SS3 ni mo wà, ayálégbé sì ni wá. Iná jó yàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé tí à ń gbé, ó fi tiwa sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, onílé pe bíríkìlà. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ibi tó ti là, wọ́n kun ún ní ọ̀dà, àwọn ayálégbé tuntun sì kó wọlé. Dẹ́kìn tó wà lórí wa, ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún mẹ́rin gbáko la fi sùn lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà tán ni mo tó mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀rù ti bà wá.

*

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. A máa ń fi òwe yìí tu èèyàn nínú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi òwe náà léèrè ọ̀rọ̀: kí ló dé tó fi jẹ́ ilé ọba?

Ìdí ni pé ilé ọba ní ètò. Tí ààfin bá jó, wọn kì í bẹ ará ìlú kí wọ́n tó jáde. Oníkálukú ti mọ iṣẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ wà. Àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin á ru koríko bẹẹrẹ wá sí ààfin, òun ni wọ́n fi ń ṣe òrùlé. Àwa ń pè é ní ọdún, a sì ń rántí ìlù àti ijó. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ìpèsè sílẹ̀ ni. Iná jó o, iná ò jó o, koríko á dé.

Ilé mẹ̀kúnnù náà kò ṣàìní tirẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni. Iná tó bá jó òrùlé koríko sábà máa ń fi ògiri amọ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹni á wá, àna ẹni á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, onílé á se oúnjẹ, òrùlé á padà sórí ilé. Kò sí pé à ń wá ìwé kankan. Gbogbo àdúgbò ló mọ ibi tí ilé lágbájá bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Orí àwọn èèyàn ni ìwé náà wà.

Nígbà tí ìlú fẹ̀, tí a ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa mọ́, ìjọba gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹbí, ó sì kó o sínú fáìlì. Ní Èkó, fáìlì yẹn ti pẹ́. Ọdún 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó; nígbà tó fi máa di 1863, wọ́n ti ṣe òfin àtúnṣe ìlú tí wọ́n pè ní Town Improvement Ordinance. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó ní nǹkan bíi 1924 síwájú, ìjọba dá LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti wó àwọn àdúgbò tó fún pọ̀ jù kí wọ́n sì tún wọn kọ́. Ní 1946, òfin ètò ìlú àti ìgbèríko jáde fún gbogbo Nàìjíríà. Ní 1992, ìjọba ológun gbé Decree 88 kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Àjálù ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé, òfin á wá máa sáré tẹ̀ lé e. Kì í sì í ṣe Èkó nìkan. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1666, iná sọ ní ilé ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jó nǹkan bí ilé 13,200. Nígbà tó di 1667, wọ́n ti ṣe òfin àtúnkọ́: bíríkì àti òkúta ni kẹ́ ẹ fi kọ́lé, ẹ má fi igi kọ́ ọ mọ́. Wọ́n yan àwọn awọnlẹ̀, Robert Hooke tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì wà lára wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti kan èèkàn sí ibi tí ìpìlẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan máa gbà, kí onílé tó fi bíríkì lélẹ̀. Wọ́n sì dá kóòtù kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ iná nìkan. Ìdí ni pé ìwé àdéhùn ọ̀pọ̀ ayálégbé ìgbà yẹn sọ pé àwọn ni wọ́n máa tún ilé ṣe, tí wọ́n á sì tún máa san owó ilé tó ti di eérú. Kóòtù náà ló ń bá wọn pín ìnáwó.

Nǹkan mẹ́ta nìyẹn: èèkàn tó fi ààlà hàn, òfin nípa ohun tí a fi ń kọ́lé, àti ibi tí onílé àti ayálégbé ti lè parí ìjà. Ẹ fi wọ́n sọ́kàn, ká padà sílé.

*

Ní Ìjẹ̀gùn, ta ló ni iṣẹ́ yìí? Tábìlì mẹ́ta ni.

Tábìlì kìíní wà ní Àbújá. Páìpù epo jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ NNPC. Epo tó bá gúnlẹ̀ sí Atlas Cove ní etí òkun, páìpù ló ń gbé e gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí àwọn ibùdó epo bí Èjìgbò àti Mósímì. Òfin tó dá lé ọ̀nà páìpù ti wà láti 1956, nígbà tí òmìnira ò tíì dé.

Tábìlì kejì wà ní Alausa. Ìjọba àpapọ̀ àti Èkó jà lórí ẹni tó ní àṣẹ ìkọ́lé títí tọ́rọ̀ fi dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Ní 2003, ilé ẹjọ́ náà dá a pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ní 2010, Èkó ṣe òfin tirẹ̀, ó sì pín iṣẹ́ náà. LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ kí a tó kọ́lé. LASBCA ló ń tẹ̀ lé ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, òun ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí pé ilé ti parí ó sì yẹ fún gbígbé, òun náà ló ń ti ilé pa tàbí tó ń wó o. LASURA ló ń mójú tó àtúnṣe àwọn àdúgbò tó ti dẹnu kọlẹ̀.

Tábìlì kẹta ni ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 fi fífún àdúgbò lórúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà sí ọwọ́ wọn. Ó lè dà bí nǹkan kékeré létí yín. Àmọ́ lọ́jọ́ tí iná bá jó òpópó kan run, kò sí bí ẹ ṣe máa ka ilé tó jó tí ilé kò bá ní nọ́ńbà. Ẹ̀ ń gbọ́ "ilé funfun tó kọjú sí oníbúrẹ́dì", nígbà tí ilé funfun ti di dúdú, tí oníbúrẹ́dì sì ti sá lọ.

Èmi tí mò ń kọ kóòdù jẹun, mo mọ irú ètò yìí dáadáa. Database mẹ́ta ni, kò sí API láàárín wọn. Ẹni tó mọ ibi tí páìpù gbà kọ́ ló ń fúnni láṣẹ ìkọ́lé. Ẹni tó ń fúnni láṣẹ ìkọ́lé kọ́ ló ń fún ilé ní nọ́ńbà. Ní Amẹ́ríkà, láti 2007 ni wọ́n ti ní nọ́ńbà fóònù kan, 811. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ á kọ́kọ́ pè é, wọ́n á sì wá fi ọ̀dà sàmì sí ojú ibi tí páìpù àti wáyà gbà lábẹ́. Ọdún kan ṣáájú katapílà ti Ìjẹ̀gùn nìyẹn o.

*

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé iná ti jó tán. Kí ló yẹ kí àwọn tó ń bójú tó ìkọ́lé ṣe?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n wá wò ó. Iná kì í fi gbogbo ohun tó bà jẹ́ hàn wá lójú. Kọnkéré tó bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 300°C á bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ tiẹ̀ lè yí sí pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Irin tó wà nínú rẹ̀, tó bá fi gbóná dé nǹkan bí 600°C, agbára rẹ̀ á ti dín tó ìdajì. Iná bẹntiróòlù sì ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ògiri lè dúró ṣánṣán, kí ilé ti rọ láti inú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á fi òòlù kan dẹ́kìn, wọ́n á gbọ́ bóyá ó ń dún bí agbè òfìfo. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gbá kọnkéré tó sì ń ka bó ṣe ta padà. Wọ́n ní èyí tó ń rán ìró gba inú rẹ̀ kọjá. Ìjọba Èkó ní yàrá àyẹ̀wò nǹkan ìkọ́lé fún irú iṣẹ́ yìí.

Kí ló wá dé tí onílé wa ò fi pè wọ́n? Mo ti rò ó títí, mo sì gbà pé mo mọ ìdáhùn. Ẹ̀rù ló bà á. Tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ ní Kalifóníà, ìwé àwọ̀ mẹ́ta ni àwọn tó ń yẹ ilé wò máa ń lẹ̀ mọ́ ilé: àwọ̀ ewé, ẹ padà wọlé, àwọ̀ ìyeyè, ẹ lè wọ apá kan, ẹ tún ìyókù ṣe, pupa, ẹ má wọ ibẹ̀ rárá. Ní àdúgbò tiwa, pupa nìkan la mọ̀. X tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri. Bàbá tó fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́lé, tí ìwé kan ṣoṣo tó ní jẹ́ rìsíìtì tí ọmọ onílẹ̀ já fún un, báwo ló ṣe máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ pe ìjọba wá sílé? Wọ́n á béèrè àṣẹ ìkọ́lé. Kò ní in. Ó sàn kó ra ọ̀dà.

Kò ra ọ̀dà torí pé ó burú. Ó rà á torí pé ojú afìyàjẹni nìkan ló fi mọ àwọn tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́. Àwa tí à ń sùn lábẹ́ dẹ́kìn la sì máa san gbèsè rẹ̀, ká ní ó já.

Owó ńkọ́? Òfin páìpù ti 1956 sọ pé ẹni tí páìpù bá fọ́ sí lára gbọ́dọ̀ rí owó gbà-máà-bínú gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni páìpù. Àmọ́ ó yọ ohun méjì sílẹ̀: tó bá jẹ́ àfọwọ́fà ẹni náà, tàbí tó bá jẹ́ iṣẹ́ ibi ẹlòmíràn. Ẹ wo bí gbólóhùn kékeré yẹn ṣe lágbára tó. Katapílà tó ń ṣe ọ̀nà yàtọ̀ sí olè tó ń lu páìpù. Ìjẹ̀gùn kan náà, iná kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó pàdánù ilé ní 2008 àti ẹni tó pàdánù tirẹ̀ ní 2019 kò dúró síbì kan náà lójú òfin.

Òfin ìbánigbófò ọdún 2003 náà, tí òfin tuntun rọ́pò ní 2025, sọ pé ilé tí ayálégbé bá ń gbé wà lára ilé tó gbọ́dọ̀ ní ìbánigbófò nítorí iná. Ayálégbé mélòó nínú yín ló ti béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ onílé rí? Èmi náà ò béèrè rí.

Ohun tó kù ni àánú ìjọba. Lẹ́yìn ti Abúlé Àdó ní 2020, ìjọba Èkó dá àpò ìrànwọ́ bílíọ̀nù 2 náírà sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì kọ́kọ́ fi mílíọ̀nù 250 sí i. Ó dára. Àmọ́ àpò tí a rán lẹ́yìn tí iná ti jó kọ́ ni koríko bẹẹrẹ.

*

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, iná igbó bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní Los Angeles, àwọn ilé àti ilé iṣẹ́ tó run sì lé ní 16,000. Kò pẹ́ tí ìjọba ibẹ̀ fi kéde pé ẹni tó bá fẹ́ tún ilé rẹ̀ kọ́ bó ṣe wà, tí kò bá ju 110% ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n máa fa ọwọ́ ọ̀pọ̀ òfin sẹ́yìn fún un kí ìwé rẹ̀ lè yá. Wọ́n kó àwọn ọ́fíìsì jọ sí ojú kan, kí ẹni tí ilé rẹ̀ jó má baà máa ti ibì kan lọ síbì kan. Àwọn náà ṣì ń kùn pé kò yá tó.

Nígbà tí mo ka èyí, orí 110% ni ojú mi dúró sí. 110% ti kí ni? Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n ilé tó ti jó kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó lé lórí rẹ̀. Fáìlì tó ti wà ní ọ́fíìsì wọn láti àtẹ̀yìnwá ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìrànwọ́ tó yá yẹn, orí ìwé tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kí iná tó jó ló dúró lé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pàdánù hard disk rí mọ ọ̀rọ̀ yìí: ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá kú kọ́ ni èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ backup.

Ní Èkó, ìbéèrè àṣẹ ìkọ́lé ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ní 2024, ìjọba tiẹ̀ la àkókò ìdáríjì sílẹ̀, wọ́n sì sún un síwájú: ẹni tó ti kọ́lé láìgba àṣẹ lè wá gbà á láìsan owó ìtanràn. Mo rò pé irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wúlò fún ọ̀rọ̀ iná ju ọkọ̀ panápaná mẹ́wàá lọ, torí òun ló lè sọ onílé tó ń sá di ẹni tó lè pè wọ́n. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní tì í mọ́. Màá sì fi ìlérí kan kún un: ilé tí iná bá jó, àyẹ̀wò rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, a ò sì ní béèrè ìwé kankan títí a ó fi sọ fún yín bóyá dẹ́kìn yín lè pa yín.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra ààbọ̀ pùlọ́ọ̀tì, kò jìnnà sí ibi tí a gbé nígbà yẹn. Ọmọ onílẹ̀ tó tà á fún mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo bèèrè ọ̀nà páìpù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àṣẹ wo lẹ tún ń wá? Ẹ ṣáà da búlọ́ọ̀kù." Mo kọ́kọ́ pe awọnlẹ̀ ná, ó kan èèkàn mẹ́rin fún mi, mo sì dúró tì í títí ó fi kan èyí tó kẹ́yìn. Mo ya fọ́tò ìwé súfèè náà. Ẹ̀dà kan wà nínú email mi, ọ̀kan wà lọ́wọ́ àbúrò mi ní Ìbàdàn, ọ̀kan sì wà lórí fóònù màmá mi, tó ń bi mí pé kí lòun fẹ́ fi ṣe.

Mo ní, "Màámi, koríko bẹẹrẹ ni." Wọ́n ní kò yé àwọn. Wọn ò pa á rẹ́ ṣá.